Òkúta Tí Wọ́n Fọ̀ Kí Wọ́n Tó Gbé E Wá

Ọjọ́ tí bàbá àgbẹ̀ kan ru iṣu wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òkè ìlú wọn fún ẹlòmíràn. Ọjọ́rú ni. Iná ìjọba ti lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé, èmi àti ẹni tó ń ta dísù fún wa sì ń fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù, torí mo ní ó ti bu omi lu dísù náà, òun ń búra pé òun ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Sìkírátù lorúkọ mi. Agége ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá àti bàbá mi ti wá. Iṣẹ́ tí mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣe ni àyẹ̀wò òkúta, nínú láàbù kékeré kan ní Ìkẹjà, láàárín iléeṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì àti èyí tó ń ṣe ọ̀rá. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá ọ̀tún, ebi á máa pa wá; tó bá fẹ́ láti apá òsì, orí á máa fọ́ wa. Èmi kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ tutù, ẹ fi sọ́kàn. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run foríjì í, máa ń sọ pé ká ní òkúta létí ni, ariwo mi nìkan ti tó láti fọ́ ọ, n kò sì ní nílò ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹni tó fẹ́ wa òkúta á bù díẹ̀ nínú rẹ̀ wá fún wa. Àpẹẹrẹ la máa ń pe díẹ̀ yẹn. A ó fọ́ ọ, a ó lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, a ó fi ásíìdì yọ́ ọ, ẹ̀rọ á wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó. Èmi á kọ ọ́ sínú ìwé èsì, màá sì fọwọ́ sí i. Ìwé pélébé kan ni o, ṣùgbọ́n òun ni àwọn ọlọ́rọ̀ máa gbé sáàárín tábìlì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dúnàádúrà lórí òkè tí bàbá ńlá ẹlòmíràn ti ń roko.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì àti táìlì ló pọ̀ jù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Lẹ́bánónì ló sì máa ń gbé e wá. Lẹ́yìn wọn, ará Íńdíà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ará Ṣáínà dé, wọ́n pọ̀ débi pé mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ lítíọ́ọ̀mù wá délẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù, ti sólà, àti ti ọkọ̀ tí kì í mu epo, gbogbo wọn ló rọ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ará Yúróòpù àti ará Améríkà tí kò yà sọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́ náà wá rántí ọ̀nà. Ẹ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tó bá wù yín ní òpópónà Allen nígbà yẹn, ẹ ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí, ará orílẹ̀-èdè kan kì í kí ará orílẹ̀-èdè kejì. Èmi tí mò ń yẹ òkúta tó máa tan iná sílé wọn wò, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì, ará Èkìtì, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, Ìlúpéjú ló ń gbé. Ọkùnrin náà le! Ní oṣù kejì mi, mo fi ṣíbí kan náà bu òkúta oníbàárà méjì láìnù ún. Kò bú mi. Ó ní kí n wọ bàtà mi. Ó mú mi lọ bá oníbàárà méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Èkejì nínú wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ò rí ẹni tó ru ẹ̀bi ara rẹ̀ wá sílé onílé báyìí rí. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Ojú tì mí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. "Ìwé tí o bá fọwọ́ sí," ni ọ̀gá mi sọ nígbà tí à ń padà bọ̀, "ìwọ lo ni ín, yálà ó dùn, yálà ó korò."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí bàbá oníṣu yẹn tó dé tí Dámọ́lá gbé àpò òkúta kan wá. Alágbàtà ni Dámọ́lá. Ó ní ọ́fíìsì ní Opebi, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá àwọn ọ̀gá àjèjì wá òkè, kó sì bá wọn bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ tó mọ ara tọ́jú ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún, "Mọ́mì" ló sì máa ń pè mí. Òkúta inú àpò náà funfun, ó ń dán, kò sí erùpẹ̀ kankan lára rẹ̀. Mo tiẹ̀ yìn ín.

"Dámọ́lá, lónìí o gbé nǹkan tó mọ́ wá. Tàwọn yòókù, àfi ká kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ gbá a."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ará ìlú ló fọwọ́ ara wọn ṣà á, Mọ́mì. Òkè-Àràbà ni wọ́n ń pe ibẹ̀."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Lítíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo kọ. Ohun tó ń dùn mí jù lọ títí dòní nìyẹn.

Bàbá Láyíwọlá lorúkọ bàbá tó gbé iṣu wá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó gbé àpò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń mí hẹlẹ. Òun àti Baálẹ̀ Òkè-Àràbà ni wọ́n jọ wá sí Èkó. Dámọ́lá fi wọ́n wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Allen, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi máa yọ̀ǹda òkè wọn. Bàbá rí àdírẹ́sì wa lórí ìwé èsì, ó ní kí òun wá kí ẹni tó ṣiṣẹ́ náà.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ kú ìrìn. Kí ni mo ṣe tí mo fi jẹ iṣu?"

"Òótọ́ lẹ sọ fún wa, Ìyáàfin. Ọ̀rọ̀ òkè yẹn ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ń sọ pé ọrọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Ìwé yín wá dé, ó ní òkúta lásán ni, ọkàn kálukú sì balẹ̀. Dámọ́lá ní ọ̀gá òun ṣì máa gbà á bẹ́ẹ̀ náà, àánú wa ló ṣe é. Wọ́n á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa, wọ́n á kun ilé ìwé."

"Fún ọdún mélòó ni wọ́n máa fi wa òkúta ọ̀hún?"

"Wọ́n ní títí tó bá fi tán."

Ọ̀gá àjèjì wo ló ń ṣàánú òkúta lásán títí tó fi máa tán? Mo ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó fa òkúta kan yọ, ó ní àwọn ọmọ-ọmọ mi ni òun mú un wá fún, pé àwọn ọmọ ìlú àwọn máa ń fi í ṣeré. Ó tóbi tó ìkúùkù. Ó dọ̀tí, erùpẹ̀ há sínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ jọ àlùkò tó ti ṣá, ó sì ń bó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí èèpo àlùbọ́sà.

Mo rántí pé mo dìde. "Bàbá, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Ara òkè yẹn náà ni. Ó kún ibẹ̀. Nígbà tí Dámọ́lá ní ká ṣa òkúta wá, a ya irú ẹ̀ sọ́tọ̀, a dà á nù. Kò wuni, ó ń bó mọ́ni lọ́wọ́. Àwọn funfun la ṣà. Àwọn obìnrin wa gbé e lọ sódò, wọ́n fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ṣé ẹ rí i pé ó mọ́?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ìbéèrè òmùgọ̀. "Ìyáàfin, ẹrù ń lọ sí Èkó, àwọn àlejò máa rí i. Ṣé ká wá gbé ìdọ̀tí ránṣẹ́ síta ni, kí wọ́n lè sọ pé ọ̀bùn làwa ará Òkè-Àràbà?"

Yéè, mo gbé! Òkúta funfun yẹn, òfìfo ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni lítíọ́ọ̀mù máa ń gbé, nínú èyí tó dọ̀tí, tó ń bó, tí kò wuni. Ìwà ọmọlúàbí àwọn èèyàn yìí ni wọ́n fi fẹ́ ta òkè wọn. Wọ́n ṣa èyí tó rẹwà fún àlejò, wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́, wọ́n dá èyí tó níye lórí padà sí igbó. Èmi tí mo ti ń wo òkúta láti ìgbà ọmọge mi, mo rí òkúta tó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kàkà kí n bèèrè ohun tó fà á, mo ń yin ẹni tó gbé e wá.

"Bàbá, òfin ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣa àpẹẹrẹ. Ṣé ẹnikẹ́ni wá?"

"Ó wá. Ó dé títì. Ó ní bàtà òun ò lè gun òkè, ó fọwọ́ sí ìwé lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ó sì lọ."

Mo tan gáàsì. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì fi hàn mí, tí kò nílò iná ìjọba. Mo lọ òkúta Bàbá díẹ̀, mo fi orí wáyà tín-ín-rín bù ú, mo sì tì í bọ inú iná tó ń jó búlúù. Iná náà yí padà lójú wa. Ó pupa fòò.

"Ṣé ó ti jóná ni?" Bàbá bi mí.

"Rárá, Bàbá. Lítíọ́ọ̀mù ni."

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó gbé òkúta wá ló ni èsì rẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ jẹ́ ti Dámọ́lá, n kò sì láṣẹ láti máa bá ẹlòmíràn jíròrò lé e lórí. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ mi, Bàbá ló gbé e wá. Mo fa fọ́ọ̀mù yọ, mo ní kó kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí wọ́n kọ "oníbàárà" sí. Ó fara balẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Mo san owó àyẹ̀wò náà fúnra mi. Mo sọ gbogbo ohun tí mo rò fún un.

"A fọ̀ ọ́ ni o," ló sọ. "Ìyàwó mi wà lára àwọn tó fọ̀ ọ́."

Iná pupa kò tó ẹ̀rí lójú lọ́yà. Àfi kí ẹ̀rọ sọ iye. Mo fi òkúta náà sínú ásíìdì di ọjọ́ kejì, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo tan ẹ̀rọ, mo ń dúró kó gbóná. Ó ku díẹ̀ kó sọ̀rọ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Dísù olómi! Mo bú ẹni tó tà á títí dórí ìran kẹrin rẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo sáré lọ sí iléeṣẹ́ bisikíìtì, mo bẹ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ó yá mi ní kẹ́ẹ̀gì dísù kan. A fọ inú jẹnẹrétọ̀, a tún un tàn, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iye náà jáde, ó ga débi pé n kò gbà á gbọ́. Mo tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ohun kan náà ló ń sọ.

Ibi tí mo ti ń kọ ọ́ ni ọ̀gá wa tó ni láàbù bá mi. Ẹnjiníà la máa ń pè é. Èèyàn burúkú kọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ka orúkọ ìlú àti ti Bàbá lórí fọ́ọ̀mù, ojú rẹ̀ sì yí padà, torí Dámọ́lá ti sọ ti ìpàdé hòtẹ́ẹ̀lì fún un.

"Sìkírá, ṣé orí rẹ pé? Ọ̀gá tí Dámọ́lá ń bá ṣiṣẹ́ ló ń gbé ìdajì iṣẹ́ wa wá. O fẹ́ ká ti ilẹ̀kùn ni?"

"Oníbàárà gbé òkúta wá, ẹ̀rọ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Kí ni mo ṣe?"

"O mọ ohun tí o ṣe. Fún bàbá yẹn ní ìwé rẹ̀, kó máa lọ. Kò lè ṣàlàyé ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ìwọ bá fẹsẹ̀ ara rẹ tẹ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn lọ́la, má wulẹ̀ padà síbí mọ́."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní fi bò. Opó ni mí, àbíkẹ́yìn mi wà ní yunifásítì, mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn lórí ilẹ̀ ayé. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì lórí fóònù, mo rò fún un láti orí dé ìdí.

"Ọ̀gá, ṣé irọ́ ni mo kọ nígbà àkọ́kọ́?"

"Rárá."

"Ṣé mo wá jẹ̀bi ni?"

"Ṣé o bèèrè ẹni tó ṣa òkúta náà, àti bó ṣe ṣà á?"

"Mi ò bèèrè, sà."

"Ó dáa. Bàtà wo lo máa wọ̀ lọ?"

Mo ti sọ fún yín pé ọkùnrin náà le.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wọ bàtà mi tó le jù, mo dé Allen kí wọ́n tó jókòó. Baálẹ̀ wà lórí àga, wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Bàbá Láyíwọlá jókòó tì í, ìwé èsì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dámọ́lá ń to ìwé. Ọ̀gá àjèjì náà ń tẹ fóònù rẹ̀, kò gbójú sókè. Mi ò ní dárúkọ ìlú rẹ̀, torí ká ní ìlú mìíràn ló ti wá, ohun kan náà ló máa ṣe.

Bàbá na ìwé náà sí Baálẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo èyí."

Inú bí Baálẹ̀. "Láyíwọlá, àwa méjì la jọ kúrò nílé. Ìgbà wo lo ráyè lọ gba ìwé lẹ́yìn mi?"

Dámọ́lá ti já ìwé náà gbà, ó ti kà á. Ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti rí ibi tó máa gbá mi mú.

"Baálẹ̀, ẹ wò ó. Láàbù kan náà. Ọwọ́ Mọ́mì yìí kan náà ló wà lórí méjèèjì. Èkíní ní kò sí nǹkan kan, èkejì ní ọrọ̀ ńlá ni. Mọ́mì, èwo ni irọ́ níbẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹnu tí mo fi ń bú ẹlẹ́dísù gbẹ táútáú.

"Kò sí irọ́ nínú méjèèjì," mo ní. "Èkíní sọ òótọ́ nípa òkúta tí wọ́n ṣà, tí wọ́n fọ̀. Èkejì sọ òótọ́ nípa èyí tí wọ́n dànù. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, Baálẹ̀. Ó yẹ kí n bi ẹni tó gbé e wá pé báwo ni wọ́n ṣe ṣà á. Mi ò bèèrè. Ẹ fojú fo àṣìṣe mi, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gba òkè lọ́wọ́ yín."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán," Dámọ́lá ní. "Ta ló mọ ibi tí bàbá ti hú òkúta yẹn? Èmi dé orí òkè yẹn, n kò rí irú ẹ̀ níbẹ̀."

Bàbá Láyíwọlá gbé orí sókè. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kó pariwo, kò sì pariwo lọ́jọ́ yẹn.

"O ò rí i, Dámọ́lá? Ọjọ́ tí o wá, ọkọ̀ rẹ dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́bàá òkè. O ní ká bá ọ wá nǹkan fi ti táyà. Èmi ni mo fi òkúta tó ń bó yẹn méjì tì í, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Nígbà tí o ń lọ, o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o gbé méjèèjì, o nù wọ́n, o sì gbé wọn sínú búùtù. Mo rò pé o fẹ́ máa fi ti táyà ní Èkó ni. Kí lo wá fi wọ́n ṣe?"

Ọ̀gá àjèjì tí kò gbọ́ Yorùbá gbé ojú kúrò lórí fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń wo Dámọ́lá, ojú rẹ̀ kò sì dùn. Baálẹ̀ dé bíírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, ó dìde.

"Láyíwọlá, gbé fìlà rẹ. Ilé yá."

Inú mi dùn débi pé mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí mo jáde, Dámọ́lá ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Kò bú mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ rò pé ẹ ti gbà wọ́n? Tí kì í bá ṣe ọ̀gá mi, ẹlòmíràn ni. Ẹ ò mọ ohun tó wà ní Àbújá."

Ó sì tọ̀nà, ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ẹnjiníà kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ọjọ́ Ajé tí mo padà débẹ̀, àpótí mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni iléeṣẹ́ kan láti ìlú òkèèrè mìíràn gbé katakata dé Òkè-Àràbà pẹ̀lú láísẹ́ǹsì. Wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Àbújá tipẹ́, láìsí ẹnikẹ́ni ní ìlú náà tó gbọ́. Ọ̀gá àjèjì kan ń lé èkejì, àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ará ìlú dúró sójú ọ̀nà, àgbà àti obìnrin, katakata kò lè kọjá. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Wọ́n pè mí láti wá jẹ́rìí, mo sì tún àṣìṣe mi sọ níwájú adájọ́. Ojú tún tì mí. Adájọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́ ohunkóhun títí wọ́n á fi tún àpẹẹrẹ ṣà lójú gbogbo èèyàn: ìlú, iléeṣẹ́, àti ìjọba.

Ẹjọ́ náà kò tíì parí bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì mọ ibi tó máa já sí. Mo ti gba yàrá kan ní Agége, mo ra ẹ̀rọ àlòkù, mo ń ṣe ìwọ̀nba tí mo lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ àpẹẹrẹ yẹn fún yín.

Ìlú ní kí n wá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń ṣà á. Fún gbogbo ọdún tí mo fi ń yẹ òkúta wò, èmi fúnra mi ò tíì gun òkè tí òkúta ti ń wá rí. Eékún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àwọn èèyàn méjìlá ló fẹ́ kọ́ ọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni Ìyá Adúkẹ́, obìnrin kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́ nísàlẹ̀ òkè náà. Mo sọ fún wọn pé ẹ má ṣa èyí tó wù yín, ẹ má yọ èyí tí kò wù yín. Láti ẹsẹ̀ òkè dé orí rẹ̀, ní gbogbo ìṣísẹ̀ ogún, ohun tí ọwọ́ bá bà ni kẹ́ ẹ mú, tòun ti erùpẹ̀. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ kó o jọ bí ebè, ẹ tẹ orí rẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin. Ẹ da apá méjì tó kọjú síra nù, ẹ po èyí tó kù pọ̀, ẹ tún kó o jọ, ẹ tún pín in. Bẹ́ẹ̀ títí á fi ku ohun tó kún agolo kan. Òkè odindi á sì wà nínú agolo yẹn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba wá lọ́jọ́ náà, torí adájọ́ ní kó wá. Ó wọ bàtà tó dára. Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà wá pẹ̀lú, ọkùnrin gíga kan, pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó gbé àpò tiwọn lọ́wọ́. Ìyá Adúkẹ́ wà lórí eékún níwájú òkìtì, ó ń fi pákó pín in. Ó pín in lẹ́ẹ̀kíní, ó pò ó, ó tún un kó jọ. Oòrùn mú gan-an. Ọ̀gá náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ tẹ̀ síwájú.

"Mama, wọ́n ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ àwọn parí ẹ̀. Àwọn ní iṣẹ́ níbòmíràn."

Ìyá Adúkẹ́ kò gbé orí sókè. "Sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù. Mi ò tíì ṣe tán."

Mo wo ojú àjèjì náà nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwa ni mo máa ń rí tí à ń dúró de àwọn àlejò báyìí: ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ní pálọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, nínú oòrùn, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó wo katakata rẹ̀ tó dúró sí ìsàlẹ̀, ó wo òṣìṣẹ́ ìjọba, ìyẹn sì ń wo bàtà ara rẹ̀. Kò sí ibi tó lè gbà. Ó yọ aṣọ ìnujú, ó nu ọrùn, ó sì dúró de Ìyá Adúkẹ́ títí ó fi pín in tán.